Gbígbó Ṣáájú Pípọ́n: Bí Èso Ṣe Ń Gba Iṣẹ́ Gáàsì Ẹ́tílíìnì, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí ohun ọ̀gbìn ṣe ń mọ̀ pé gáàsì ẹ́tílíìnì wà nítòsí, àti bí èso ṣe ń dáhùn sí i nípa pípọ́n. Máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátì, tí wọ́n wọ́pọ̀ ní ọjà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ni iṣẹ́ náà fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi hàn pé ẹ́tílíìnì kì í fi agbára ti èso kí ó pọ́n. Ìdènà tí ó wà lórí pípọ́n ni ó ń mú kúrò. Èso tí ó ti gbó nìkan ni ìmúkúrò ìdènà náà ń ṣe ní àǹfààní ní kíkún. Nípa báyìí, ìyàtọ̀ tí èdè Yorùbá ti ṣe tipẹ́ láàrin 'gbó' àti 'pọ́n' bá àbájáde ìwádìí ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì mu. Iṣẹ́ náà fi ìmọ̀ yìí yẹ àṣà fífi kábáìdì mú èso pọ́n wò, ó sì dábàá ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní èdè Yorùbá.

Ìfáárà

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ìlú méjì tí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ oko ti pàdé. Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ St. Andrew's wá láti Èkó ní ọdún 1896. Ní ìlú yìí kan náà ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, wà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀ ní ọdún 1990, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú kí wọ́n tó dá yunifásítì sílẹ̀ ni máńgòrò ti sọ Ògbómọ̀ṣọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn tí ń to irúfẹ́ máńgòrò ilẹ̀ Nàìjíríà lẹ́sẹẹsẹ máa ń ka máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ wọn.

Bí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, títí di oṣù kẹfà, èso yìí a pọ̀ lórí àtẹ. Àwọn aláròbọ̀ a máa rà á lọ́wọ́ àwọn olóko nígbà tí ó ṣì le, wọn a kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò ìdọ̀họ, wọn a sì gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Nínú ìrìn àjò yìí ni èso ti ń yí padà: àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n, ara rẹ̀ a dẹ̀, òórùn dídùn a sì jáde. Bí ó bá tètè pọ́n jù, yóò rà kí ó tó dé ọjà. Bí kò bá sì pọ́n lásìkò, kò sí oníbàárà tí yóò rà á. Owó àti iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó so mọ́ ìyípadà kékeré yìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ooru ni ó ń mú èso tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ pọ́n. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé èso a máa tètè pọ́n nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ju inú òtútù lọ. Síbẹ̀, ooru kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n bò mọ́ inú apẹ̀rẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ kan tí èso fúnra rẹ̀ mí jáde. Bí èso ṣe ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ náà wà ni àlàyé tí iṣẹ́ yìí dá lé.

Ohun tí èdè Yorùbá ti sọ nípa èso

Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti èdè. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ìgbésí ayé èso. Èso a kọ́kọ́ so, a dàgbà, lẹ́yìn náà a gbó. Ìgbà tí ó bá gbó tán ni ó ń pọ́n tí ó sì ń dẹ̀. Bí ó bá pọ́n kọjá ààlà, a rà. Ìpele ni gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀kan kì í sì í dípò èkejì.

Àwọn ohun kan wà tí wọ́n ń gbó láìpọ́n. Iṣu a máa gbó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń sọ pé iṣu pọ́n. Igbá náà ń gbó. Àwọn onígbá ọnà Ọ̀yọ́ mọ̀ pé igbá tí kò bá gbó kò ṣeé fín. Bí wọ́n bá sá a, ńṣe ni yóò hunjọ. Máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ ní tiwọn gbọ́dọ̀ gbó, kí wọ́n sì tún pọ́n. Gbígbó jẹ́ ìpéjú: ìgbà tí èso ti kó gbogbo ohun tí ó nílò jọ láti ara igi. Pípọ́n jẹ́ ìtúsílẹ̀: ìgbà tí ó ń sọ ohun tí ó kó jọ náà di adùn, òórùn àti àwọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni òpó tí àlàyé tí ó tẹ̀ lé e dúró lé.

Bí wọ́n ṣe dá ẹ́tílíìnì mọ̀

Ẹ́tílíìnì jẹ́ gáàsì tí kò ní àwọ̀. Átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù méjì àti ti háídírójìn mẹ́rin péré ni ó para pọ̀ di ẹyọ kan rẹ̀. Hòmóònù ohun ọ̀gbìn ni, èyí ni pé ohun ọ̀gbìn ń ṣe é nínú ara rẹ̀ láti fi rán iṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Nítorí pé gáàsì ni, iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ kì í parí sínú igi tàbí èso kan; ó lè kọjá sí èso tí ó wà nítòsí.

Láti ara iná ìta ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Dmitry Neljubow ṣàkíyèsí pé irúgbìn ẹ̀wà pííìsì tí ó ń hù nínú yàrá ìwádìí tí wọ́n ń fi gáàsì tan iná sí kò ga bí ó ti yẹ: igi rẹ̀ kúrú, ó sanra, ó sì ń wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ọdún 1901, ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹ́tílíìnì tí ó wà nínú gáàsì ìtanná náà ni ó fa á.

Ìtàn kejì bá ìgbàgbọ́ àwọn ará ilé wa mu. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn olóko ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù a máa kó ọsàn tí ó ní àwọ̀ ewé sínú yàrá tí sítóòfù kẹrosíìnì ń jó nínú rẹ̀, ọsàn náà a sì pọ́n lára. Wọ́n gbà pé ooru ni. Nígbà tí wọ́n pa sítóòfù tì tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí kì í rú èéfín mú yàrá gbóná, ọsàn kọ̀, kò pọ́n. Ní ọdún 1924, F. E. Denny fi hàn pé ẹ́tílíìnì inú èéfín sítóòfù ni ó ń ṣiṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, gbogbo èyí jẹ́ gáàsì tí ó ti ìta wá. Ní ọdún 1934 ni Richard Gane, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀rí hàn pé èso ápù tí ó ń pọ́n ń tú ẹ́tílíìnì jáde fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé àwọn ìyá wa tí wọ́n ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù sínú ìkòkò tàbí àpò, tí wọ́n sì ń bò ó, ń ṣe ohun tí ó tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sọ orúkọ gáàsì náà.

Bí èso ṣe ń ṣe ẹ́tílíìnì

Èso kì í ti ibì kankan yá ẹ́tílíìnì. Láti ara èròjà kan tí wọ́n ń pè ní methionine, tí ó wà nínú gbogbo ohun abẹ̀mí, ni ó ti ń ṣe é. Ní ọdún 1979, D. O. Adams àti S. F. Yang ní Yunifásítì California rí i pé methionine a kọ́kọ́ di ohun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ACC, lẹ́yìn náà ni ACC yóò di ẹ́tílíìnì. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí kò lè wáyé láìsí ọ́síjìn.

Kókó yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń tọ́jú èso. Bí ènìyàn bá fi ọ̀rá di máńgòrò pa pátápátá, tí afẹ́fẹ́ kò wọlé rárá, èso náà kò ní pọ́n dáradára; yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé bò yàtọ̀: gáàsì kò tètè lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì ń wọlé.

Ọgbẹ́ náà a máa mú kí ẹ́tílíìnì pọ̀. Èso tí ó já lulẹ̀ tí ó fara bó, tàbí tí kòkòrò jẹ, a máa tú u jáde ju èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lọ. Èyí ni ó fà á tí èso kan tí ó fara pa fi lè mú kí gbogbo apẹ̀rẹ̀ pọ́n lójijì. Èyí náà ni ó wà nídìí bí àwọn kan ṣe máa ń fi ọ̀bẹ ya ara ìbẹ́pẹ tí ó ti gbó kí ó lè yára pọ́n.

Oníbodè inú sẹ́ẹ̀lì

Báwo wá ni sẹ́ẹ̀lì èso ṣe ń mọ̀ pé gáàsì ti dé? Ohun ọ̀gbìn kò ní imú, kò sì ní etí. Ìdáhùn jáde láti ara koríko kékeré kan tí ń jẹ́ Arabidopsis, tí àwọn onímọ̀ fẹ́ràn láti fi ṣe ìwádìí. Ní ọdún 1988, Anthony Bleecker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọ̀kan lára rẹ̀ tí ẹ́tílíìnì kò ràn. Ní ọdún 1993, Caren Chang, Elliot Meyerowitz, Bleecker àti ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn rí jíìnì tí ó ní àbùkù nínú rẹ̀; wọ́n pe jíìnì náà ní ETR1. Jíìnì yìí ni ó ń pàṣẹ bí wọn yóò ṣe mọ pùrótéènì tí ń gba iṣẹ́ ẹ́tílíìnì. Márùn-ún ni irú pùrótéènì bẹ́ẹ̀ nínú koríko náà. Wọ́n jókòó sínú awọ tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ bàbà wà láàrin wọn, ara bàbà yìí sì ni ẹ́tílíìnì ń lẹ̀ mọ́. Ìwádìí ọdún 1999 ni ó fi ipa bàbà náà múlẹ̀.

Ètò ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ lè jẹ́ kí iṣẹ́ wọn yé akẹ́kọ̀ọ́. Oníbodè ni ó ń ṣọ́ ẹnu ibodè ìlú. Ìlàrí ni ìránṣẹ́ Aláàfin. Kí pùrótéènì tí ń gba iṣẹ́ yìí dúró bí oníbodè, kí ẹ́tílíìnì sì dúró bí ìlàrí. Ẹni tí kò bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa yóò rò pé ńṣe ni oníbodè ń sùn títí ìlàrí yóò fi dé láti jí i sí iṣẹ́. Òdìkejì ni ó rí. Nígbà tí kò sí ẹ́tílíìnì rárá ni oníbodè wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkankíkan: ó ń ti ibodè pa. Ìgbà tí ìlàrí bá dé ni oníbodè ń dákẹ́, tí ibodè sì ń ṣí.

Ọ̀nà tí ó ń gbà tì í nìyí. Oníbodè ní igbákejì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CTR1. Níwọ̀n ìgbà tí oníbodè bá ń ṣiṣẹ́, CTR1 a máa fi èròjà fọ́sífétì lu pùrótéènì kẹta, EIN2, ní òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ yìí dà bí ìdè tí kò jẹ́ kí akéde jáde nílé. Nígbà tí ẹ́tílíìnì bá lẹ̀ mọ́ bàbà, oníbodè a dákẹ́, CTR1 náà a dákẹ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa de akéde mọ́. Apá kan lára EIN2 a já, a sì wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì lọ. Ọdún 2012 ni ìwádìí fi èyí hàn. Ohun tí akéde yìí ń ṣe ni pé ó ń dáàbò bo pùrótéènì mìíràn, EIN3, tí sẹ́ẹ̀lì ti máa ń bà jẹ́ ní kété tí ó bá ti ṣe é. EIN3 tí kò bàjẹ́ mọ́ yìí ni yóò tan àwọn jíìnì tí iṣẹ́ kàn.

Láti ibí ni ìyípadà tí ojú ń rí ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ́ńsáìmù kan a máa sọ sítáàṣì di ṣúgà. Òmíràn a máa tú ògiri tí ó wà láàrin sẹ́ẹ̀lì, kí èso lè dẹ̀. Òmíràn a sì pa àwọ̀ ewé rẹ́, kí àwọ̀ pupa rúsúrúsú lè hàn. Ẹ́tílíìnì kò gbé ṣúgà wá, kò sì gbé àwọ̀ wá. Ìdènà ni ó ká kúrò.

Ìdí tí gbígbó fi gbọ́dọ̀ ṣáájú

Bí ó bá jẹ́ pé ìdènà nìkan ni ẹ́tílíìnì ń ká kúrò, ó hàn gbangba pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ibodè ni yóò pinnu ohun tí yóò jáde. Ní ọdún 1972, E. J. McMurchie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé ètò méjì ni èso ní fún ẹ́tílíìnì. Nínú ètò kìíní, tí ó jẹ́ ti èso tí kò tíì gbó, ẹ́tílíìnì díẹ̀ a máa dènà kí òmíràn pọ̀ sí i. Nínú ètò kejì, tí ó jẹ́ ti èso tí ó ti gbó, ẹ́tílíìnì díẹ̀ ń bí púpọ̀, púpọ̀ náà a sì tún bí òmíràn. Ìdí nìyí tí èso tí ó gbó fi ń pọ́n wàràwàrà ní kété tí ó bá bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tòmátì méjì kan fi èyí hàn kedere. Èkíní ni wọ́n ń pè ní Nr. Oníbodè rẹ̀ ní àbùkù tí kò jẹ́ kí ẹ́tílíìnì lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà kò gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i, èso náà kò sì lè pọ́n tán. Ọdún 1995 ni wọ́n rí ìdí rẹ̀. Èkejì ni wọ́n ń pè ní rin. Oníbodè tirẹ̀ pé, ó sì ń gbọ́ ẹ́tílíìnì. Ṣùgbọ́n jíìnì kan nínú ètò tí ń múra èso sílẹ̀ fún pípọ́n ní àbùkù, nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ fi ẹ́tílíìnì sí i, kò ní pọ́n. Ọdún 2002 ni wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí lórí jíìnì yìí jáde. Ọ̀kan kò gbọ́. Èkejì gbọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe tán. Gbígbọ́ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìmúrasílẹ̀ láti jẹ́ ẹ. Yorùbá ti pe ìmúrasílẹ̀ náà ní gbígbó.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí tòmátì ní Yunifásítì Florida, tí ó jáde ní ọdún 2007, fi ohun kan kún un. Oníbodè tí ẹ́tílíìnì bá ti bá pàdé, sẹ́ẹ̀lì a máa pa á rẹ́. Bí oníbodè bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́tílíìnì díẹ̀ yóò tó láti pa àwọn tí ó ṣẹ́kù lẹ́nu mọ́. Bí ẹni pé èso ń fi iye oníbodè rẹ̀ ka ọjọ́ ni.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo èso ni ó ń tẹ̀ lé ètò kejì. Máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ìbẹ́pẹ, gúáfà àti tòmátì ń pọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká wọn. Ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́tílíìnì lè yí èèpo ọsàn padà, bí ti àwọn ará California, ṣùgbọ́n kò ní fi adùn kún omi inú rẹ̀. Ọsàn tí ó kan nígbà tí wọ́n ká a yóò kan títí.

Ọ̀ràn kábáìdì

Ibí ni ìmọ̀ yìí ti kan ìlera àwọn ènìyàn. Kábáìdì ni òkúta eléérú tí àwọn wẹ́dà ń sọ sínú omi láti fi rí gáàsì tí wọ́n ń fi jó irin. Àwọn kan ń fi bébà wé díẹ̀ lára rẹ̀, wọn a sì fi sáàárín èso. Ọ̀rinrin ara èso a kàn án, gáàsì tí ń jẹ́ àsẹ́tílíìnì a sì jáde. Gáàsì yìí jọ ẹ́tílíìnì ní ìrísí, nítorí náà ó lè lẹ̀ mọ́ bàbà ara oníbodè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ẹ́tílíìnì lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìlàrí èké ni.

Àléébù méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni ti májèlé. Kábáìdì ti àwọn wẹ́dà kì í ṣe ojúlówó tí wọ́n yọ́ mọ́. Ó sábà máa ń ní àásẹ́níìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, àwọn méjèèjì sì lè di gáàsì olóró nígbà tí omi bá kàn án. Àsẹ́tílíìnì fúnra rẹ̀ a máa tètè gbiná. Àjọ NAFDAC, tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kábáìdì mú èso pọ́n.

Àléébù kejì kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun sì ni ìmọ̀ nípa oníbodè ń là yé ni. Ìdí tí wọ́n fi ń lo kábáìdì jù ni pé wọ́n fẹ́ tètè débi owó ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, nígbà tí máńgòrò ṣì wọ́n. Èyí a máa mú kí wọ́n ká èso tí kò tíì gbó. Gáàsì náà lè yí èèpo rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n sítáàṣì tí ó yẹ kí ó di ṣúgà kò tíì pé nínú rẹ̀. Ẹni tí ó rà á yóò rí àwọ̀ pupa lóde, yóò sì bá kíkan nínú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Kò tọ́ kí ẹ̀kọ́ yìí di ìbáwí lásán fún àwọn ìyálọ́jà àti aláròbọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni èso ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, tí gbèsè sì wà lọ́rùn wọn. Ọ̀nà tí ó dára ju kábáìdì lọ wà, ó sì bá ètò oníbodè mu. Èkíní ni kí wọ́n dúró kí èso gbó kí wọ́n tó ká a: èjìká máńgòrò tí ó ti gbó a máa kún yọ ju ibi tí ìtì rẹ̀ so mọ́ lọ, ara rẹ̀ tí ó súnmọ́ kóró a sì ti kúrò ní funfun. Èkejì ni kí wọ́n fi èso díẹ̀ tí ó ti pọ́n sáàárín èyí tí ó gbó, kí wọ́n sì fi ewé tàbí bébà bò ó. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n ṣa èyí tí ó fara pa tàbí tí ó ti pọ́n kúrò nínú ẹrù tí ó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ibi tí owó wà, yàrá ìmú-èso-pọ́n ni wọ́n ń lò: bí ẹ́tílíìnì bá jẹ́ ìdá 100 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ fún wákàtí 12 sí 24, nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ìwọ̀n 20 sí 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, máńgòrò tí ó gbó yóò pọ́n dọ́gbadọ́gba láàrin ọjọ́ 5 sí 9. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìpamọ́ irè oko, tí olú ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìlọrin, kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni bí irè oko kò ṣe ní ṣòfò lẹ́yìn ìkórè.

Bí olùkọ́ ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì

Iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá kí ó sì yé e yékéyéké. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ́tílíìnì bá irú ìlànà bẹ́ẹ̀ mu, nítorí pé ohun èlò rẹ̀ kò ju ohun tí ó wà ní ọjà lọ.

Olùkọ́ lè pèsè máńgòrò mẹ́rin. Mẹ́ta nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n, kí wọ́n dọ́gba, kí wọ́n sì ti ara igi kan náà wá bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀kẹrin gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò tíì gbó. Kí wọ́n fi èkíní sílẹ̀ lórí tábìlì. Kí wọ́n fi èkejì nìkan sínú àpò bébà, kí wọ́n sì ká ẹnu rẹ̀ pọ̀. Kí wọ́n fi ẹ̀kẹta sínú àpò bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí ó ti pọ́n. Kí wọ́n ṣe ẹ̀kẹrin bí ẹ̀kẹta gẹ́lẹ́. Kí àpò gbogbo wà ní ibì kan náà, kí ooru má bàa ju ara wọn lọ. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ àwọ̀, òórùn àti bí ara èso ṣe dẹ̀ tó sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pọ́n, nítorí ẹ́tílíìnì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pa oníbodè rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Èkejì yóò tẹ̀ lé e, nítorí pé gáàsì tirẹ̀ kò ráyè lọ. Èkíní ni yóò kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́ta tí ó gbó. Ẹ̀kẹrin ni ó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù: gáàsì tí ó kan ẹ̀kẹta ni ó kan òun náà, síbẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ó hunjọ, kí ó má sì ní adùn tàbí òórùn máńgòrò. Bí olùkọ́ bá bèèrè ìdí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá yóò dáhùn kí wọ́n tó sọ fún un: kò tíì gbó.

Ìdáhùn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni ilẹ̀kùn tí olùkọ́ yóò gbà wọlé sórí oníbodè, bàbà, CTR1 àti àwọn tí ó kù. Kò sí ìdí láti lé ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ti mọ̀ dànù kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé ẹ́tílíìnì jẹ́ gáàsì tí èso ń fi rán iṣẹ́ sí ara rẹ̀ àti sí àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀. Pùrótéènì tí ó ní bàbà lára ni ó ń gbà á. Pùrótéènì yìí a máa dènà pípọ́n nígbà tí gáàsì kò bá sí, a sì dákẹ́ nígbà tí ó bá dé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà wà lọ́wọ́ bí èso ṣe gbó tó. Láti ara èyí ni ó ti hàn pé kábáìdì, yàtọ̀ sí májèlé inú rẹ̀, kò lè fún èso ní ohun tí igi kò tíì fún un.

Olóko Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń tẹ èjìká máńgòrò wò kí ó tó ká a, àti onímọ̀ tí ń ka jíìnì tòmátì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń béèrè. Ojúṣe olùkọ́ tí ń jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni láti jẹ́ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rí i pé ìbéèrè méjèèjì jẹ́ ọ̀kan, kí ó sì lè fi èdè rẹ̀ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ lọ́jà ìdí tí kò fi yẹ kí kábáìdì wọ inú apẹ̀rẹ̀.